Ìsinmi Ta Ni? Ọ̀rọ̀ Lórí Oúnjẹ Àsè Ìta Nínú Oṣù Kẹjọ

Òjò tún ń dáwọ́ dúró díẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀ ní ọdọọdún láàrin òpin oṣù keje àti oṣù kẹjọ. Àwọn ọmọ ti ti ilé-ẹ̀kọ́ dé, iṣu titun ti wọ ọjà, àgbàdo sì pọ̀ ní gbogbo ìkóríta. Àsìkò yìí gan-an ni àwọn ẹgbẹ́, àwọn ìjọ, àti àwọn ìdílé ńláńlá máa ń dá ọjọ́, tí wọn a sì jáde lọ sí ẹ̀bá odò, sí abẹ́ igi, tàbí sí etí òkun, láti jẹun pọ̀ ní gbangba. Ohun rere ni èyí. Ohun tí ń so ẹbí pọ̀ kò wọ́pọ̀ mọ́ ní ayé tí olúkúlùkù ń sáré tirẹ̀. Kí ọmọdé àti àgbà sì jókòó lórí ẹní kan, kí wọ́n jùmọ̀ jẹun, ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí ó kù.

Ìbéèrè tí mo ń gbọ́ lẹ́nu gbogbo ènìyàn ní àsìkò yìí ni pé, irú oúnjẹ wo ni ó rọrùn fún irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀? Mo ti ro ìbéèrè náà sí ọ̀tún, mo ti rò ó sí òsì, mo sì rí i pé apá kan rẹ̀ kù tí a kì í béèrè. Nígbà tí a bá wí pé oúnjẹ kan rọrùn, ta ni ó rọrùn fún? Ṣé ẹni tí yóò jẹ ẹ́ ni, tàbí ẹni tí yóò sè é? Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí dúró lórí ìbéèrè yìí. Kí ó má ba à dàbí ẹni pé mo ń dá ẹlòmíràn lẹ́bi, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ tèmi.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ní ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù kẹjọ, àwa olùkọ́ mélòó kan pẹ̀lú ìdílé wa dá irú àsè yìí ní ẹ̀bá odò kan. Ènìyàn bí 40 ni wá. Ọkùnrin márùn-ún ni a yàn láti ṣètò rẹ̀, èmi sì ni alága wọn. A jókòó lẹ́ẹ̀mejì, a mu tíì, a sì kọ orúkọ oúnjẹ sílẹ̀: ráìsì jọ̀lọ́ọ̀fù, adìyẹ díndín, mọ́ínmọ́ín, dòdò, àti iyán pẹ̀lú ẹ̀fọ́ rírò fún àwọn àgbà. A yin ara wa fún iṣẹ́ tí a ṣe. Kò sí ẹnìkan nínú àwa márààrún tí ó béèrè pé, ta ni yóò gún iyán náà?

Ní aago mẹ́ta òru ọjọ́ náà, aya mi ti wà ní ẹ̀yìn ààrò. Bẹ́ẹ̀ náà ni aya olúkúlùkù wa. Nígbà tí a dé ẹ̀bá odò, àwa ọkùnrin tẹ́ àga sábẹ́ igi, a sì bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀ lórí ìlọsíwájú ilẹ̀ Yorùbá. Àwọn obìnrin tún dá iná mìíràn, nítorí ọbẹ̀ ti tutù. Wọ́n bu oúnjẹ fún wa, wọ́n bu fún àwọn ọmọ, wọ́n sì jẹ èyí tí ó kù lórí ìdúró. Bí a ti jẹun tán, wọ́n kó àwo jọ, wọ́n ń fọ̀ ọ́. Ọmọbìnrin mi tí ó kéré jù kọ́ bí a ti ń lúwẹ̀ẹ́ ní ọjọ́ náà. Ó ń ké pe ìyá rẹ̀ kí ó wá wò ó, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ kò gbọ́, ẹ̀yìn ìkòkò ni ó wà. Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú lọ, mo dìde, mo sọ ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́, mo ní Ọlọ́run ti fún gbogbo wa ní ìsinmi.

Aya mi kì í ṣe ẹni tí ń sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí a ti wọlé ní alẹ́, ó tú gèlè rẹ̀, ó jókòó, ó ní, “Bàbá Adé, ẹ kú ìsinmi o. Ẹ̀yin lọ sinmi. Àwa gbé ilé ìdáná wa lọ sí ẹ̀bá odò, a sì tún gbé e padà.” Kò fi ìbínú sọ ọ́ rárá, èyí ni ó sì mú kí ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Ní ọjọ́ kejì, inú ọmọ mẹ́ta nínú àwọn ọmọ wa ń run, nítorí mọ́ínmọ́ín tí a sè ní òru ti wà nínú ike tí a dé pa títí di ọ̀sán gangan. Gbogbo làálàá náà, ohun tí ó bí fún wa nìyẹn.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti mú ìpinnu kan, òun ni mo sì fẹ́ gbé kalẹ̀ níwájú yín. Oúnjẹ tí ó rọrùn fún àsè ìta ni oúnjẹ tí ẹni tí ó sè é lè jókòó jẹ pẹ̀lú àwọn tí ó sè é fún. Oúnjẹ yòówù tí kò bá ní jẹ́ kí ó jókòó, bí ó ti wù kí ó dùn tó, oúnjẹ ilé ni; ẹ jẹ́ kí a fi í sílé.

Ìdánwò mẹ́ta ni mo wá fi ń yẹ irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ wò. Èkínní: ṣé iná kan ṣoṣo tó fún un? Èkejì: ṣé a lè fi ọwọ́ jẹ ẹ́ láti inú ewé, tí kò fi ní sí òkìtì àwo láti fọ̀? Ẹ̀kẹta: ṣé ẹni tí kì í ṣe alásè lè ṣe é, àní ọmọ ọdún méjìlá, bí àgbàlagbà bá dúró tì í? Iyán, tí í ṣe ọba oúnjẹ, kùnà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nítorí ó fẹ́ odó, ó fẹ́ ọbẹ̀, ó fẹ́ apá tí ó lágbára, ó sì fẹ́ omi ìfọwọ́ àti àwo fún olúkúlùkù. Ráìsì jọ̀lọ́ọ̀fù kò ṣe dáadáa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n iṣu sísun pẹ̀lú epo pupa àti iyọ̀ yege nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, láìkù síbì kan.

Ẹ jẹ́ kí a rántí ibi tí a ti mọ iṣu sísun. Àgbẹ̀ ni bàbá mi. Nígbà tí ó bá ń lọ sí oko, kì í gbé ìkòkò ọbẹ̀ lọ. Àdá rẹ̀ ni yóò mú, pẹ̀lú iyọ̀ tí ó pọ́n sínú ewé, epo díẹ̀ nínú akèrègbè, àti ìṣáná. Nígbà tí oòrùn bá kan àtàrí, yóò wa iṣu, yóò kó igi jọ, yóò dá iná, yóò sun iṣu náà fúnra rẹ̀, yóò fi ọ̀bẹ họ ara rẹ̀ tí ó jó, yóò sì pe àwa ọmọ láti wá jẹun. Kò sí obìnrin kan nítòsí, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí ó rò pé iyì rẹ̀ dínkù. Ọdẹ tí ó lo ọjọ́ méje nínú igbó, ta ni ó ń dáná fún un? Òun fúnra rẹ̀ ni. Àsun tí a fi ń yin àwọn ará Oǹdó, ẹran ewúrẹ́ tí a sun tí a sì fi ata jẹ, ọ̀pọ̀ ìgbà ni ó jẹ́ pé ọkùnrin ni ó ń dúró ti iná rẹ̀. Àwọn ará Òkè Ọya tí ń sun sùúyà ní ìgboro wa ní ìrọ̀lẹ́, ọkùnrin ni wọ́n. Kí ni ó wá dé tí ọwọ́ tí ó mọ iṣu í sun ní oko fi gbàgbé bí a ti ń ṣe é ní ọjọ́ ìsinmi?

Àwọn kan lè wí pé àṣà òyìnbó ni kí ọkùnrin máa dáná ní gbangba. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Bí a bá fẹ́ tú gbòǹgbò rẹ̀, ọ̀rọ̀ bábíkíù tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń lò, wọ́n yá a ni. Lọ́dọ̀ àwọn ará Sípéènì ni wọ́n ti gbà á, àwọn ará Sípéènì náà sì gbà á lọ́wọ́ àwọn Taíno, tí í ṣe onílẹ̀ àwọn erékùṣù Karíbíánì. Kò sí ẹ̀yà kan tí ó lè wí pé òun nìkan ni ó ni iná àti ẹran sísun.

Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ìgbà ooru wọn bọ́ sí oṣù kẹfà títí dé oṣù kẹjọ, ìgbà náà sì ni àsè ìta wọ́pọ̀ jù láàrin wọn. Wọ́n a máa ṣe é ní ọjọ́ 4 oṣù keje, tí wọ́n fi ń rántí ìkéde òmìnira wọn ní 1776. Wọ́n a sì máa ṣe é ní ọjọ́ 19 oṣù kẹfà, tí àwọn ènìyàn dúdú ibẹ̀ fi ń rántí ọjọ́ tí a kéde òmìnira àwọn ẹrú ní ìlú Galveston, ní ìpínlẹ̀ Texas, ní 1865. Ọjọ́ náà di ìsinmi fún gbogbo orílẹ̀-èdè wọn ní 2021. Àwọn ọmọ wa tí ó wà lọ́hùn-ún ń bá wọn ṣe é, wọ́n sì ń gbé dòdò àti sùúyà tiwa sí ẹ̀gbẹ́ ẹran tiwọn. Níbẹ̀, ọkùnrin ni ó sábà máa ń dúró ti iná. Ṣùgbọ́n kí a má tan ara wa: nígbà púpọ̀, ẹni tí ó ra ọjà, tí ó gé ewébẹ̀, tí ó sì fọ àwo lẹ́yìn rẹ̀, obìnrin náà ni, ẹni tí ó sì yí ẹran padà lórí iná ni ó ń gba ìyìn. Bí a óò bá kọ́ ẹ̀kọ́ lára ẹlòmíràn, kí a má kọ́ ààbọ̀ rẹ̀.

Gẹ́gẹ́ bí ìránṣẹ́ Ọlọ́run, mo ní ẹ̀rí mìíràn tí ó tóbi ju ti Amẹ́ríkà lọ. Ẹ ṣí Ìhìnrere Jòhánù, orí kọkànlélógún. Lẹ́yìn àjíǹde, àwọn ọmọ-ẹ̀yìn fi gbogbo òru pẹja, wọn kò rí nǹkan kan mú. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ tí wọ́n sì gúnlẹ̀, kí ni wọ́n bá ní èbúté? Iná èédú tí ó ti ràn, ẹja lórí rẹ̀, àti búrẹ́dì. Ta ni ó dá iná náà? Olúwa fúnra rẹ̀ ni. Ó dáná fún àwọn tí ó ti ṣiṣẹ́ tí ó rẹ̀, ó sì pè wọ́n láti jẹun. Bí Ọ̀gá gbogbo ọ̀gá kò bá ka iná dídá sí ohun ìtìjú, irú oyè wo ni èmi àti ìwọ jẹ tí ó ga ju èyí lọ?

Ẹ jẹ́ kí a wá sọ̀kalẹ̀ sí ètò náà, nítorí ìmọ̀ràn tí kò ní ètò kì í kún inú. Ohun tí oṣù kẹjọ fi fún wa kò kéré. Iṣu titun wà, èyí tí a ń pè ní ẹgbodò; omi pọ̀ nínú rẹ̀, nítorí náà kò dára púpọ̀ fún iyán, ṣùgbọ́n ó dára fún sísun. Orílẹ̀-èdè wa Nàìjíríà ni ó ń so iṣu jù lọ ní gbogbo ayé, ó ju ìdajì iṣu tí a ń kórè ní ayé lọ. Yóò jẹ́ ohun ìyàlẹ́nu bí ebi bá pa wá ní ẹ̀gbẹ́ ebè. Àgbàdo tútù wà, ẹ̀pà tútù wà, àsálà wà, àgbọn sì wà. Àgbàdo àti ẹ̀pà, láti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni wọ́n ti la òkun wá lẹ́yìn 1492, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí wọ́n ti di ọmọ ilé. Ohun tí a bá fi ọgbọ́n gbà kì í sọ wá di ẹrú. Ohun tí a bá gbà láìronú ni ó ń sọ ni di ẹrú.

Fún ènìyàn 20, èyí ni ìwọ̀n tí mo ti lò tí ó sì tó: iṣu àlàbọ́dé 7, àgbàdo 40, àgbọn 6, ẹ̀kọ tútù 30 tí a pọ́n sínú ewé, ẹja gbígbẹ ńlá 5, epo pupa ìgò kan, iyọ̀, ata díndín ìgò kan, àti ẹ̀pà bí gbogbo ọwọ́ bá ti lè bù ú. Omi mímu kò gbọdọ̀ dín ní lítà 30. Bí ẹ bá fẹ́ ẹran tútù, ẹ yan irú kan ṣoṣo, kí ó má ju ohun tí iná kan lè sun lọ.

Ní ọjọ́ tí ó ṣáájú, kí a din ata, kí a se ẹ̀pà pẹ̀lú èèpo rẹ̀, kí a sì ra èédú. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà gan-an, kí a ra àgbàdo, nítorí bí ó bá ti ń pẹ́ lẹ́yìn ìyà ni adùn rẹ̀ ń dínkù. Kí a sì gba ẹ̀kọ lọ́wọ́ ẹlẹ́kọ. Nígbà tí a bá dé ibẹ̀, kí iná jẹ́ iṣẹ́ àkọ́kọ́. Kì í ṣe ọwọ́ iná ni a fi ń sun iṣu, ẹ̀yinná ni. Kí a jẹ́ kí èédú pọ́n, kí ọwọ́ iná rẹ̀ rọlẹ̀, kí a gé iṣu sí méjì tàbí mẹ́ta, kí a tò ó, kí a sì máa yí i. Nígbà tí ọ̀bẹ bá wọ àárín rẹ̀ láìjà, ó ti jinná. Kí a họ ara rẹ̀, kí a gbé e lé orí ewé, kí a sì pe epo.

Nínú pípín iṣẹ́ ni gbogbo ọ̀rọ̀ mi wà. Àwọn àgbà wí pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Kí àwọn ọkùnrin tí ara wọn le dá iná, kí wọ́n sì sun iṣu. Kí àwọn ọ̀dọ́, ọkùnrin àti obìnrin, bó àgbàdo, kí wọ́n sì sun ún. Kí àwọn bàbá àgbà tí wọn kò lè bẹ̀rẹ̀ fọ́ àgbọn, kí wọ́n sì gé e. Kí àwọn ọmọdé pín ewé àti omi. Kí àwọn ìyá kọ́kọ́ jókòó. Bí ẹnikẹ́ni nínú wọn bá sì fẹ́ ṣe nǹkan lẹ́yìn náà, kí ó jẹ́ nítorí pé ó wù ú ni, kí ó má ṣe jẹ́ nítorí pé kò sí ẹlòmíràn. Ẹni tí ó bá jẹun kẹ́yìn, kí ó jẹ́ alága ìgbìmọ̀.

Ọ̀rọ̀ ìlera kò ṣe é fi sílẹ̀, nítorí mo ti sọ ohun tí ó ṣe àwọn ọmọ wa. Oúnjẹ tí a ti sè kò yẹ kí ó wà nínú ooru ju wákàtí méjì lọ kí a tó jẹ ẹ́. Bí oòrùn bá mú púpọ̀, kí ó má ju wákàtí kan lọ. Mọ́ínmọ́ín tí a gbé gbígbóná sínú ike tí a dé pa a máa tètè bàjẹ́, ìbàjẹ́ náà a sì máa ṣáájú òórùn. Ẹja gbígbẹ, ẹ̀kọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, àti iṣu tí a sun lójú ẹsẹ̀ kì í mú irú ẹ̀rù bẹ́ẹ̀ wá. Bí ẹran tútù bá wà, kí ó wà nínú yìnyín títí iná yóò fi dé. Kí a sun ún títí kò fi ní sí ẹ̀jẹ̀ nínú rẹ̀. Kí a má sì dá ẹran tí ó jinná padà sínú abọ́ tí a fi gbé èyí tí kò jinná wá. Bí òjò bá dé lójijì, kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé èédú tí ń jó wọ inú yàrá tàbí inú ọkọ̀ tí a tì, nítorí afẹ́fẹ́ tí ń ti ara rẹ̀ jáde kò ní òórùn, ó sì ti pa ọ̀pọ̀ ènìyàn lójú oorun. Aṣọ àtíbàbà kan tí a ta sókè ṣáájú ti tó fún òjò oṣù kẹjọ.

Nígbà tí àsè bá parí, kí a da omi sórí iná títí yóò fi kú pátápátá, kí a sì kó gbogbo ohun tí ó ṣẹ́kù. Lẹ́yìn tí Olúwa bọ́ ẹgbẹ̀rún márùn-ún lórí koríko, ó pàṣẹ kí a kó àjẹkù jọ; agbọ̀n méjìlá ni wọ́n kó. Bí a bá fi ewé eéran jẹun, ewé yóò jẹrà, yóò sì di ọ̀rá ilẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ọ̀rá náílọ́ọ̀nù ni a lò, àwọn ọmọ-ọmọ wa yóò bá a níbẹ̀. Àwọn baba wa tí wọ́n fi ewé pọ́n oúnjẹ kò ṣe é nítorí àìlajú.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò fi dá mi lóhùn. Wọn yóò ní, “Bí a bá pe ènìyàn, tí a sì gbé iṣu sísun kalẹ̀, ṣé wọn kò ní wí pé a láhun?” Mo fèsì pé, ẹni tí ó bá gbà wá ní àlejò ní ààfin tàbí ní ilé, kí ó gún iyán, kí ó sì pa ewúrẹ́, ohun tí ó yẹ ilé ni. Ṣùgbọ́n mo ti rí olùkọ́ tí ó yá owó láti ṣe àsè ọjọ́ kan, tí kò sì san án tán títí àwọn ọmọ rẹ̀ fi padà sí ilé-ẹ̀kọ́ láìní ìwé. Àṣejù ni baba àṣetẹ́. Bí àwọn olóyè bá kọ́kọ́ jẹ iṣu sísun ní gbangba tí wọ́n sì fi ẹ̀rín jẹ ẹ́, kò sí tálákà tí yóò tún tijú láti gbé e kalẹ̀. Ọwọ́ yín ni àṣẹ yìí wà, ẹ̀yin ọlọ́lá. Kò sí ilé-ẹ̀kọ́ tí ó lè kọ́ ọ fún àwọn ènìyàn bí yóò ti yá tó bí ẹ bá ṣe é.

Àwọn mìíràn yóò ní kí a kúkú sanwó fún alásè. Bí owó bá wà, iṣẹ́ tí ó lọ́lá ni iṣẹ́ alásè, owó rẹ̀ sì tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí a óò pàdánù: ọmọkùnrin tí kò tíì dáná rí fún ìyá rẹ̀ yóò tún padà sílé láìdáná fún un. Àwọn mìíràn tún wà, àwọn obìnrin wà nínú wọn, tí yóò wí pé oúnjẹ sísè ni ògo obìnrin, kí n má gbà á lọ́wọ́ wọn. N kò gba ògo lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ 365 ni ó wà nínú ọdún. Ẹyọ kan nínú wọn ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún.

Ní ọdún tí ó tẹ̀lé ti àkọ́kọ́, a tún padà lọ sí ẹ̀bá odò náà. Iṣu ni a sun. Èmi fúnra mi fẹ́ iná títí omijé fi ń bọ́ lójú mi, iṣu àkọ́kọ́ tí mo sun sì jó ní apá kan, kò jinná ní apá kejì. Àwọn ọmọ fi mí rẹ́rìn-ín, n kò sì lè bá wọn wí. Aya mi jókòó lórí ẹní lábẹ́ igi pẹ̀lú àwọn ìyá yòókù, àsálà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń wo ọmọbìnrin rẹ̀ nínú odò. Nígbà tí ọmọ náà ké pè é kí ó wá wò ó, ó dìde, ó sì lọ sí etí omi. Mo rí i láti ẹ̀yìn èéfín. Nígbà tí ó padà, ó gba iṣu náà lọ́wọ́ mi, ó gé ibi tí ó jó kúrò, ó fi epo jẹ ẹ́, ó sì béèrè bóyá òmíràn kù.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará mi, ẹgbẹ́ wa yìí ń fi ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ sọ nípa gbígbé àṣà ilẹ̀ wa ga, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àṣà kì í ṣe aṣọ òfì àti ìlù nìkan. Iṣu tí bàbá sun fún ọmọ ní oko, àṣà ni. Kí a má jẹ́ kí ó parẹ́ nítorí pé a ti kúrò ní oko. Mo sì bẹ ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi pé kí ẹ kọ́ àwọn ọmọkùnrin ilé-ẹ̀kọ́ yín bí a ti ń dá iná, bí a ti ń sun iṣu, àti bí a ti ń pa iná náà lẹ́yìn rẹ̀, kí ìsinmi ọdún yìí tó parí. Àti olúkúlùkù tí ó bá ń ṣètò àsè ìta nínú oṣù kẹjọ yìí, kí ó tó kọ orúkọ oúnjẹ kankan sílẹ̀, kí ó kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ àwọn tí ń dáná nínú ilé rẹ̀ pé, níbo ni ẹ ó fẹ́ jókòó?

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí a ṣe ọ̀pọ̀ ọdún, kí ó sì jẹ́ kí gbogbo wa rí ìsinmi nínú rẹ̀. Àmín.